Ẹsẹ̀ Ìyá Mi Ló Wà Lórí Banner Yẹn

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka page yìí, ẹ lè bú mi, mo ti bú ara mi títí ó ti sú mi... Ẹsẹ̀ wíwú tó wà lórí banner ńlá lẹ́nu géètì estate wa ní Ajah, èyí tí àwọn èèyàn máa ń wò tí wọ́n á ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, tí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìyá kan láti abúlé nílò ìrànlọ́wọ́ yín, ẹsẹ̀ ìyá mi ni. Ìyá tó bí mi lọ́mọ. Èmi ni mo ya fọ́tò náà, èmi náà ni mo gé ojú wọn kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìtòsí Eleko ni màmá mi ti ń yan ẹja tà kí ẹsẹ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Mo ṣì wà ní secondary school nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ́kọ́ wú, ibà lónìí, ara gbígbóná lọ́la, títí ó fi di jàbùtẹ̀ gidi. Àwọn ará ilé ní màmá mi tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ni, pé ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń yan ẹja ló fi nǹkan síbẹ̀. A bá ọ̀rẹ́ yẹn jà títí ó fi kú, a ò lọ síbi òkú rẹ̀. Àṣé ẹ̀fọn ni! Ẹ̀fọn lásán ló ń gbé kòkòrò tín-ín-tín sí èèyàn lára, oògùn rẹ̀ sì wà tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wa? Nígbà tí a máa fi gbọ́, ẹsẹ̀ ti le, dókítà ní kò lè padà sí bó ṣe wà mọ́, ìtọ́jú ojoojúmọ́ ló kù.

Nígbà tí ọkọ mi fẹ́ fẹ́ mi, àwọn ẹbí rẹ̀ ní àwọn máa ṣe ìwádìí. Ẹ ṣáà mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é, ṣé kò sí wárápá nínú ẹbí, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé kò sí wèrè. Màmá mi fúnra wọn ló pè mí jókòó, wọ́n ní kí àbúrò àwọn obìnrin jókòó sí àyè ìyá ìyàwó, pé àwọn ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn ba ayé mi jẹ́. Ó yẹ kí n kọ̀ jálẹ̀. Mo kọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ìkọ̀ orí ahọ́n... inú mi dùn pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Àǹtí mi ni mo kúnlẹ̀ fún kí wọ́n súre fún mi, ìyá mi sì wà ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ọkọ mi gbà pé àǹtí yẹn ló bí mi. Àwọn ọmọ mi ń pè wọ́n ní Grandma. Yàrá kan ni mo gbà fún màmá mi ní Lakowe. Gbogbo Saturday ni mo máa ń lọ, màá sọ nílé pé outreach ni mo ń lọ, màá fi omi àti ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ yẹn nínú bàsíà búlúù kan, màá nu àárín ọmọ ìka gbẹ dáadáa bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ wa, kí ibà má baà padà.

Báwo ni ẹsẹ̀ wọn ṣe wá dórí banner? Ẹnu mi yìí náà ni. Àwa obìnrin estate wa ní ẹgbẹ́ kan, lọ́dún yìí a ní ká kówó jọ fún àwọn àrùn tí ayé ti pa tì, irú èyí tó ń bá àwọn tálákà jà kárí ayé tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé kì í sábà pani kíákíá, ó kàn máa ń ba ayé ẹni jẹ́ ni. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo mú microphone, mo ní ẹ má fi àwọn èèyàn yín pamọ́ o, ìtìjú ń pa wọ́n ju àrùn lọ. Èmi! Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, omijé ń bọ́ lójú àwọn obìnrin! Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n fi mí ṣe alága. Wọ́n wá ní fọ́tò inú internet ò ní jẹ́ kí àwọn olówó tọwọ́ bàpò, pé tiwa-n-tiwa ni ká wá. Fọ́tò kan wà lórí fóònù mi tí mo yà fún dókítà, ẹsẹ̀ màmá mi létí bàsíà búlúù yẹn. Mo ti send rẹ̀ kí n tó ronú. Mo ní ta ló máa mọ̀, ṣé ẹsẹ̀ ń sọ orúkọ ni?

Lọ́jọ́ kan ibà tún mú màmá mi, mo gbé wọn sínú mótò, a ń lọ sí hospital. Mo gbàgbé pátápátá pé iwájú géètì wa la máa gbà. Wọ́n wo banner yẹn. Wọ́n ní ta nìyẹn? Mo ní ìyá kan ni, ní Epe. Wọ́n ní ẹ̀n-ẹ́n, òun náà ní bàsíà búlúù bíi tàwọn. Wọ́n kàn fa ìró wọn bo ẹsẹ̀ náà. Inú mótò mi, níbi tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú wọn!

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ò ti rí bákan náà fún mi mọ́. Mo máa ń dorí kodò tí mo bá ń gba géètì kọjá. Tí mo bá ń fọ ẹsẹ̀ ara mi, ẹsẹ̀ wọn ni mò ń rí. Ọmọ mi obìnrin ya àwòrán ẹsẹ̀ yẹn níléèwé, tíṣà fún un ní star, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, ojoojúmọ́ ni mo sì ń mú omi níbẹ̀. Èyí tó wá pa mí ni ti ọkọ mi. Ó wo banner yẹn, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú ìyá yìí, àbí kò bímọ ni? Mo ní bóyá kò bí. Ẹ dákun, irú ẹnu wo ni mo ní yìí?

Ní báyìí, àwọn tó fẹ́ fowó ńlá sílẹ̀ ní àwọn fẹ́ rí ìyá náà lójúkojú lọ́jọ́ launching, ó ku ọjọ́ mẹ́jọ péré. Gbogbo committee ní kí n lọ mú un wá. Mo jẹ́wọ́ fún màmá mi pé ẹsẹ̀ wọn ló wà lórí banner yẹn, mo rò pé wọ́n máa gbé mi ṣépè. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní bí owó yẹn bá máa jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíì rí oògùn lò kí tirẹ̀ tó wú, àwọn máa wá, àwọn á ní ará Epe làwọn, àwọn ò ní pè mí lọ́mọ. Ní Saturday tó kọjá, mo bá wọn tí wọ́n ti múra. Wọ́n ní kí n wo bí àwọn ṣe máa ṣe é. Wọ́n di àga mú, wọ́n ń tẹ ẹsẹ̀ tí kò ṣeé tẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ fún mi... ìyá mi kúnlẹ̀ fún mi! Wọ́n ní ẹ ṣeun gan-an ni, Madam, Ọlọ́run á bá yín wo àwọn ọmọ yín. Wọ́n wá wojú mi láti ilẹ̀, wọ́n ní ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Mo ní ó dáa. Mo sunkún délé.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a, mo mọ̀. Mo mọ ọkọ mi, ẹsẹ̀ yẹn kọ́ ló máa bí i nínú, irọ́ ọdún mẹ́wàá ni. Tí mo bá jẹ́wọ́ kí ọjọ́ náà tó pé, ó lè ní kí n máa lọ, àwọn olówó sì lè ní oníjìbìtì ni gbogbo wa, káwọn tó nílò oògùn má rí nǹkan kan. Tí mi ò bá sì jẹ́wọ́, ṣé kí n jókòó síbi àga alága kí ìyá mi wá kúnlẹ̀ níwájú mi, níwájú àwọn ọmọ mi tí wọn ò mọ̀ wọ́n rí? Ẹ bá mi dá sí i, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Màmá mi pè mí láàárọ̀ yìí, wọ́n ń bi mí bóyá kí àwọn gbé bàsíà búlúù yẹn dání wá, káwọn èèyàn má baà ṣiyèméjì pé àwọn gan-an ni. Kí ni kí n sọ fún wọn?