Ìdágbére Tí Mo Kọ fún Alààyè

Sùúrùlérè, Èkó.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 2026.

Bàbá Kíkẹ́lọmọ, Ambrose ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ ní orúkọ Olúwa tí ó mú ọ pé ọgọ́rin ọdún. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera, kí ó bá orúnkún rẹ ọ̀tún ní ìrọ̀rùn, kí ara Christianah àbúrò rẹ sì ti balẹ̀ ní Iléṣà. Ara tèmi le díẹ̀. Ọkàn mi ni kò sinmi.

Ìwé ni mo kọ nítorí pé o kò gbé ìpè mi mọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. N kò bá ọ wí. Lórí bébà, ènìyàn a máa ronú kí ó tó kọ.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ bí ó ti rí gan-an, nítorí apá kan wà níbẹ̀ tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. O mọ̀ pé èmi ni mo máa ń dúró níwájú ìjọ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, tí mo ń wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa fóònù yín." Ní ọjọ́ Ìsinmi náà tí orúnkún kò jẹ́ kí o wá, mo wí bẹ́ẹ̀. Mo padà jókòó, mo fi ìwé orin bo tèmi lórí itan, mo sì ń yọjú wò ó. Kí ni mo ń wá? N kò mọ̀. Ẹ̀rọ náà gbọ̀n, ara mi sì bá a gbọ̀n. Àwa tí a máa ń jókòó wákàtí méjì nílé ẹ̀kọ́ ìjọ láìyí ọrùn!

Àwòrán rẹ ni Kíkẹ́lọmọ fi sí ojú ìwé ìjọ lórí Wasáàpù: ìwọ nínú agbádá funfun, òdòdó yí ọ ká, "Ògo ni fún Ọlọ́run" lókè, "1946–2026" nísàlẹ̀. Ambrose, ìwọ náà rò ó wò. Níbo ni a ti máa ń rí ọdún méjì tí a so pọ̀ lábẹ́ àwòrán àgbàlagbà, bí kò ṣe lára ògiri ilé olóòkú? Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fà á dé ibẹ̀. Omijé ti bò mí lójú. Kí àlùfáà tó ṣe àmín, mo ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: "Ó dìgbà o, Ambrose, ọ̀rẹ́ bí ọmọ ìyá. Sinmi lẹ́sẹ̀ Olúwa."

Ohun tí ó wá ń bí mi nínú ni pé ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n tẹ̀lé mi. Ẹnìkan kọ ọ́ pé, "Háà! Mo bá bàbá sọ̀rọ̀ lánàá." Ó bá ọ sọ̀rọ̀ lánàá, kò sì pè ọ́ lónìí! Yínká, tí ògiri ilé rẹ̀ kan tìrẹ ní Sábó, fi àwòrán ojú tí ń sunkún mẹ́fà ránṣẹ́. Kò yọjú lójú fèrèsé. Láyé àwọn bàbá wa, ta ni í túfọ̀ àgbà ṣáájú ẹbí? Ẹsẹ̀ ni a fi ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Oníṣẹ́ á jókòó, á gba omi mu, á sọ̀rọ̀ yí ká kí ó tó là á. Èmi fi àtàǹpàkò túfọ̀ rẹ láàárín àdúrà.

Ọ̀rọ̀ náà dé Iléṣà kí ìsìn tó tú. Christianah pè ọ́ títí, ṣùgbọ́n àwọn tí ń kí ọ kú ọjọ́ ìbí kò jẹ́ kí ìpè rẹ̀ wọlé. Ó kó aṣọ dúdú sínú àpò, ó wọkọ̀, ó sunkún dé Èkó. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bá ọ lórí àga pẹ̀lú àkàrà òyìnbó lẹ́nu, ó figbe ta, ó sì ṣubú. Ọjọ́ méjì ni ẹ̀jẹ̀ ríru fi dá a dúró nílé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún mi gbẹ̀yìn kò kúrò létí mi: "Akínyẹlé, àtàǹpàkò rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ sin àbúrò mi."

Tiwalọlá ọmọ-ọmọ mi, tí ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba, ní, "Bàbá àgbà, tí fóònù yẹn bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ jù ú nù." Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Òun náà ni mo fi ké sí i nígbà tí mo ṣubú ní balùwẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Lórí rẹ̀ ni mo ti ń rí ojú ọmọ mi ní Kánádà nígbà àdúrà òwúrọ̀. N kò lè bú u, n kò sì lè yìn ín. Bí mo ti ń kọ̀wé yìí, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹrin, bóyá ìwọ ni.

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni ìjọ ti lọ síbi Oúnjẹ Olúwa tí èmi jókòó sí àyè mi. Báwo ni n ó ṣe na ọwọ́ gba búrẹ́dì náà nígbà tí arákùnrin mi ní ohun kan nínú sí mi? Bí Ọjọ́ Àjíǹde bá dé tí ọ̀rọ̀ wa kò tíì yanjú, n ó tún jókòó.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ń lọ sí Iléṣà. Àbúrò ni Christianah jẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n n ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Ní Sátidé, ní agogo mẹ́wàá, n ó wà lẹ́nu géètì rẹ láìmú fóònù dání. Bí o kò bá fẹ́ rí mi, jọ̀wọ́, wá sọ ọ́ fúnra rẹ. Má rán Kíkẹ́lọmọ.

Kí Olúwa fi ọdún púpọ̀ kún ọgọ́rin rẹ. Kí ó gba ọ̀rọ̀ tí mo sọ láìtọ́jọ́ kúrò nínú afẹ́fẹ́, kí ó má ṣe di àṣẹ lé ọ lórí. Kí ojú àwọn ọmọ rẹ má ṣe rí ẹkún.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti orí àga ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, tí ó ṣẹ̀ ọ́,
Akínyẹlé.

Àfikún: Wọ́n ti kọ àtúnṣe sí ojú ìwé ìjọ, ṣùgbọ́n n kò fọkàn tán ohun tí a bá kọ síbẹ̀ mọ́. Mo ń pe àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń sọ ọ́ fún wọn lẹ́nu pé o wà láàyè. Ó ku márùn-ún tí kò gbé e. N ó fẹsẹ̀ wá wọn dé ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ọ lọ́jà tí ó sì sá, má bínú sí i. N kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni.