Gílóòbù Méjì Lórí Wáyà Kan

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ kíláàsì tí ò ń kọ́, tí wọn kì í jẹ́ kí o jẹun lásìkò. Mo gbà pé ara rẹ le. Tèmi náà le, àyà mi nìkan ni kò balẹ̀. Àbúrò rẹ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ lónìí ni mo fi lẹ́tà yìí rán, nítorí bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù, ṣe ni n ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

O rántí pé ọ̀gá tuntun tó dé sí ilé iṣẹ́ ike wa ní kí gbogbo àwa oníṣẹ́ iná tí a kò ní ìwé ẹ̀rí ṣe ìdánwò físíìsì. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì yóò kó irinṣẹ́ sílẹ̀, yóò sì máa lọ sílé. Lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n! Ìwọ lo ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ìkànnì pọ̀ lórí ayélujára. Mo wá a. Òmíràn á kọ́kọ́ polówó ọṣẹ tán kó tó dórí ọ̀rọ̀ iná. Ti ìwọ nìkan ló yé mi, èyí tí o ń kọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ. Mo kà á nínú ọkọ̀, mo kà á lásìkò oúnjẹ.

Ohun tí n kò tíì sọ fún ọ ni pé mo ti ṣe ìdánwò àkọ́kọ́, mo sì kùnà. Ìbéèrè kan péré ló gbé mi ṣubú. Wọ́n ní a so gílóòbù ogójì wáàtì àti ti ọgọ́rùn-ún wáàtì tẹ̀lé ara wọn lórí wáyà kan ṣoṣo. Èwo ni yóò mọ́lẹ̀ jù? Ọmọ mi, ọwọ́ mi mọ ìdáhùn náà. Mo ti so irú rẹ̀ láìmọye ìgbà: ti ogójì ló máa ń tàn, ti ọgọ́rùn-ún á kàn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ìkànnì rẹ ní ti ọgọ́rùn-ún ni. Mo gbé bírò, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Òógùn ń kán sórí bébà. Mo ní, "Ta ni mo jẹ́? Ọmọ tí mo rán níléèwé ló kọ ọ́." Mo bá kọ ọgọ́rùn-ún.

Nígbà tí mo délé, mo so gílóòbù méjèèjì lórí tábìlì ìdáná. Ti ogójì tàn yòò. Ìyá rẹ wò mí, ó ní, "Bàbá wọn, kí ló dé tí ẹ ò gba ara yín gbọ́?"

Mo bínú sí ọ fún ọjọ́ méjì gbáko, n kò ní purọ́. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbéèrè gílóòbù méjì yìí dán àwọn ìkànnì wò kí n tó ka ohun mìíràn níbẹ̀. Mo yẹ mẹ́sàn-án wò, mẹ́ta péré ló dáhùn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Àwọn ló jẹ́ kí n mọ ìdí rẹ̀: ti ogójì ló ń dènà iná jù, òun ló sì ń gbóná jù. Ọ̀la ni ìdánwò kejì.

N kò kọ ọ́ láti dójú tì ọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣàṣìṣe. Iná ti gbé èmi náà lu ilẹ̀kùn rí. Àmọ́ ẹni tó ṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Ọlọ́run yóò tọ́ ọ sọ́nà, àwọn tó ń tẹ̀lé ọ kò sì ní ṣìnà. Rántí mi nínú àdúrà ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọ̀la.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, tó tún jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ.

Àfikún: Bí mo ṣe fẹ́ lẹ àpò ìwé yìí ni mo tún yẹ ìkànnì rẹ wò. Ọmọ kan kọ ọ́ sábẹ́ ìdáhùn náà láàárọ̀ yìí pé, "Ẹ ṣé, Tíṣà. Ọjọ́ Ẹtì ni ìdánwò wa, mo ti há a sórí." Ọjọ́rú lónìí. Jọ̀wọ́, sọ lẹ́tà yìí kalẹ̀, kí o lọ tún ìdáhùn náà kọ ná.