Àárọ̀ Tí Wọ́n Pè Mí Ní Màmá

Ìyá ọkọ mi, ẹ kú ilé o. Ara mi le. Bẹ́ẹ̀dì mi fẹ̀, mo ń yí bó ṣe wù mí. Ọmọ yín ò tíì pè mí láti ìgbà òjò. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ò jẹ́ ni.

Ẹ rántí pé orogún mi ò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ pe èmi ìyáálé ní màmá. Á ní, “Èwo ni màmá? Ọmọ wo ló bí? Àǹtí ni!”

Láàárọ̀ yìí, mo ń fọ ẹsẹ̀ ìyá arúgbó kan nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Wọn ò sọ̀rọ̀ rí látìgbà tí mo ti débẹ̀. Wọ́n ṣàdédé di ọwọ́ mi mú: “Màmá mi!”

Mo bojú wẹ̀yìn, mò ń wá ẹni tí wọ́n ń pè. Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì ní, “Má dá wọn lóhùn, wọ́n ń ṣarán ni.”

Mo mọ̀. Síbẹ̀ mo ní, “Ọmọ mi,” wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Haà! Ọjọ́ gbogbo ni mo ń bẹ Ọlọ́run kó sọ mí di èèyàn. Àṣé lójú Rẹ̀, èèyàn ni mí tẹ́lẹ̀! Nídìí abọ́ omi yẹn ló ti yé mi.

Ẹ bá mi kí ọmọ yín. Ẹ kí orogún mi náà. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé màmá wọn àgbà ń kí wọn.