Igi Ọsàn Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Ọjọ́ Ajé, 3 Júùnù 1985
Baba Kọ́kọ́rọ́ fún wa ní ìwé kúìtì lónìí. Baba Lágúnjú onílé wa ni mo ń pè bẹ́ẹ̀ — kọ́kọ́rọ́ mẹ́wàá lọ́rùn, ilẹ̀kùn mẹ́rin péré. Lọ́yà ló kọ ọ́: a rú àgíríméǹtì, a gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ká kó jáde kí oṣù tó parí. Igi ọsàn ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n ń wí. Kò tíì ga dé orúnkún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Júùnù
Ẹkún. N kò lè jẹun.

Ọjọ́rú, 5 Júùnù
Ọmọ Ìpetumodù ni mí, mo mọ̀ pé ẹni tó yá ilé gbé kò gbọdọ̀ gbin igi eléso. Bó bá dọ̀la, á ní òun ló ni ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Àjàgbé ọkọ mi sin ọmọbìnrin wa sí ní Fẹ́búárì, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbin ọsàn sí i kí ọkọ́ ẹlòmíì má baà kàn án. Kí ni mo fẹ́ fi ilẹ̀ wọn ṣe?

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Júùnù
Àjàgbé lọ dọ̀bálẹ̀. Baba ní bí a bá ti hú igi náà, ọ̀rọ̀ parí. Àjàgbé délé, ó mú ọkọ́. Mo jókòó ti igi, mo ní kó kọ́kọ́ hú èmi. Ó ju ọkọ́ nù, ó bú sẹ́kún. N kò rí i kó sunkún rí, kódà lọ́jọ́ tó gbẹ́ ilẹ̀ ọ̀hún.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Júùnù
Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ sọ òtítọ́ fún Baba. Mo rò pé àánú á ṣe wọ́n. Ó ṣe wọ́n lóòótọ́ — wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n wá ní, "Dorcas, ọmọ mi, ti igi ni mo lè gbójú fò. Ti òkú kọ́. Bí ẹbí mi bá gbọ́ pé àlejò sin òkú sílẹ̀ yìí, wọ́n á ní mo ti fi ilẹ̀ ta yín lọ́rẹ. Ẹ ní láti lọ."
Ẹnu èmi fúnra mi ló lé wa jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Júùnù
Ẹrù ti wà nínú ọkọ̀. Baba ní àwọn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni hú igi náà, àwọn á máa bomi rin ín. Wọ́n ní kí n sọ orúkọ ọmọ náà, kí àwọn lè máa kí i bí àwọn bá ń kọjá.
Ọjọ́ karùn-ún ló kú. A kò tíì sọ ọ́ lórúkọ.