Mo Ní Òkun Ti Tanná

Ẹ̀yin ará, èmi ni mo pa edé ìyá kan, orogún wọn ni wọ́n sì di ẹ̀bi rù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ tó bú mi.

Ẹgbẹ́dá ni mò ń gbé, iṣẹ́ contract ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì kan n'Ìbàdàn. Wọ́n máa ń gba data òkun láti ojú sátẹ́láìtì, bí omi ṣe gbóná sí, ibi tó ń ṣàn lọ... èmi ni mò ń sọ ọ́ di Yorùbá, màá wá fi voice note ránṣẹ́ sí àwọn tó ń pẹja àti àwọn tó ń sin edé létí òkun. Ẹ sì wò ó o, ọmọ Akanran ni mí, mi ò fojú kan òkun rí láyé mi!

Lọ́jọ́ kan, data ní "bloom" ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bloom... mo ronú títí. Ó yẹ kí n bi ọ̀gá mi, àmọ́ ojú ń tì mí, mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣebí nílé wa, bí kòkó bá ti tanná, inú gbogbo wa á máa dùn ni? Ni mo bá ní òkun ti tanná, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Mo tún fi ohùn ayọ̀ sọ ọ́! Ìyá yìí gbọ́, wọ́n ṣí ojú ibi tí omi òkun ń gbà wọ adágún edé wọn sílẹ̀ gbayawu, kí ire lè wọlé. Àṣé ewéko wẹẹrẹ inú omi ló ń pọ̀ lápọ̀jù, tí edé ò fi ní lè mí... ṣe ló yẹ kí wọ́n tì í pa. Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo edé ti kú.

Wọn ò fura sí mi rárá. Ìyàwó kékeré ọkọ wọn ló fún edé lóúnjẹ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní májèlé ló bù sí i. Ẹbí fẹ́ lé e jáde ní Sátidé, tòun ti ọmọ ọwọ́ ẹ̀. Ọkọ mi ní kí n panu mọ́, wọ́n á gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi, pé ẹnu àìmẹ́nu ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu tèmi ti kó o bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíì ná! Mi ò lè sọ̀rọ̀, mi ò lè dákẹ́.

Láàárọ̀ yìí, ìyá fi voice note ránṣẹ́, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní kí n bá àwọn gbàdúrà kí Ọlọ́run tú àṣírí ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi náà. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti tẹ "Àmín" ránṣẹ́. Ẹ gbà mí o... kí ni kí n ṣe?