Olùkọ́ Tó Bẹ Ọmọ Kíláàsì Rẹ̀: Ìyáàfin Fọláwùmí Adébùsóyè (1958–2025)

Òkè-Lísà ní ìlú Oǹdó ni wọ́n bí màmá wa sí, lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin ọdún 1958, sí ìdílé Bísọ́dún Akíntóyè, àgbẹ̀ kòkó, àti Mọ́rádéùn aya rẹ̀. Oǹdó náà ni màmá ti kàwé títí tí wọ́n fi gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ lọ́dún 1979. Lọ́dún 1983 wọ́n fẹ́ bàbá wa, Adéyínká Adébùsóyè, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, wọ́n sì di ará Àkúrẹ́.

Ọdún 1991 ni ohun tó yí iṣẹ́ wọn padà ṣẹlẹ̀. Màmá ń kọ́ kíláàsì karùn-ún bí a ṣe ń fi ìdajì pín nọ́ńbà, nígbà tí ọmọbìnrin kan, Ọláyẹmí, béèrè ìdí tí a fi ń da ìdajì náà dorí kodò kó di ìlọ́po méjì. Màmá jágbe mọ́ ọn pé, "Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn!" Ọmọ náà bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì màmá gbé búrẹ́dì mẹ́ta wá. Wọ́n ní, "Ọláyẹmí, má bínú. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n lánàá, ojú ló tì mí." Wọ́n gé búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan sí méjì, wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa mú ìdajì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́fà ló rí mú. Ọláyẹmí fúnra rẹ̀ ló pariwo pé, "Háà, mẹ́ta lọ́nà méjì ni!"

Láti ọjọ́ náà, màmá kì í kọ́ ọmọ ní ohun tí àwọn fúnra wọn kò bá lè sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíláàsì wọn kì í yá bíi ti àwọn yòókù. Àwọn òbí ń ráhùn, inú ń bí ọ̀gá ilé ìwé, ni wọ́n bá gbé màmá lọ sí ilé ìwé kan ní abúlé Ìlú-Abo. Màmá sunkún. Bàbá wa ní, "Fọláwùmí, àwọn ọmọ wà níbẹ̀ náà."

Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́. Màmá fi ebè oko kọ́ wọn ní ìṣirò. Kí wọ́n tó ṣí ìwé sáyẹ́ǹsì, wọ́n á ti gbin àgbàdo sínú agolo méjì, ọ̀kan nínú oòrùn, ọ̀kan nínú òkùnkùn. Nígbà tí lẹ́tà dé lọ́dún 2002 pé kí màmá padà sí Àkúrẹ́, màmá fúnra wọn ló bẹ̀bẹ̀ pé àwọn ò lọ mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì lọ́dún 2014.

Nílé, kò rọrùn fún àwa ọmọ. A kì í rí ìdáhùn gbà lọ́fẹ̀ẹ́. "Ìwọ kọ́kọ́ rò ó ná" ni a máa ń gbọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ogún ọdún ni màmá fi kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì, ìbéèrè àwọn ọmọ náà a sì máa dé ọ̀dọ̀ àlùfáà.

Lọ́sẹ̀ ìkẹyìn ayé wọn, nílé ìwòsàn, dókítà kan kọ oògùn tuntun fún màmá. Wọ́n bi í pé kí ni oògùn náà fẹ́ ṣe lára àwọn. Ó ní kí wọ́n ṣáà máa lò ó. Màmá fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì: "Jókòó síbí, ọmọ mi, kí o rọra ṣàlàyé rẹ̀ fún mi." Ó sì jókòó.

Màmá sùn nínú Olúwa lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta ọdún 2025, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Bàbá wa ti ṣáájú wọn lọ lọ́dún 2016. Màmá fi àbúrò wọn, Ọlọ́runfúnmi Akíntóyè, sílẹ̀, àti àwa ọmọ wọn, Adétọ́lá, Tóbilọ́ba àti Iredélé, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kí Olúwa tó rán yín sí wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà yín. Ẹ sùn re o.