Orúkọ Yín Lára Táǹkì Omi

Bàbá Kékeré mi,

Ẹ kú àárò ilé o. Bàbá ń kí yín, orúnkún wọn ti fúyẹ́. Màmá ní ẹ ṣeun fún oògùn. Àbúrò mi ti ká eyín iwájú.

Ẹ má bínú, inú ló ń bí mi. Fún iṣẹ́ àkànṣe sáyẹ́ǹsì, mo fi òwú sẹ́ omi táǹkì tí ẹ rà fún ilé-ìwé wa. Òwú náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, ọ̀gá àgbà sì já a dànù: "Ṣé o fẹ́ dójú ti ẹni tó ṣe wá lóore ni?" Iṣẹ́ àkànṣe mi lórí ojúṣe ọmọ ìlú, "Ọmọ Ìlú Rere Kì Í Dákẹ́," ṣì wà lára ògiri ọ́fíìsì wọn. Òun ló gba ipò kìíní!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ là ń fi ọṣẹ fọ orúkọ yín lára táǹkì. Láti ọdún mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò fọ inú rẹ̀ rí.

Ọlọ́run á mú yín bọ̀ láyọ̀. Bí wọn ò bá tíì fọ̀ ọ́ nígbà tí ẹ bá dé, omi rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ bù fún yín mu.

Ọmọ yín,
Ẹnu-bí-abẹ